Pálọ̀ Ńlá àti Ẹnu Aládùúgbò

Kí o tó kó ẹrù rẹ lọ sí ilé tuntun, jẹ́ kí n fi ọkùnrin kan ṣe àkàwé fún ọ.

Ọkùnrin náà ti pẹ́ nínú ilé tí ó yá gbé, níbi tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn. Bí ó bá sín, ẹni tó wà ní yàrá kejì ni yóò kí i. Bí ìyàwó rẹ̀ bá din ẹyin, gbogbo ọmọ ilé ni yóò mọ̀. Ó sú u. Ó ṣiṣẹ́, ó tọ́jú owó, ó sì ra fúláàtì kan ní àjà kẹta ilé tuntun, ní àdúgbò kan tí àwọn ilé àtijọ́ onípáánù tó ti dípẹtà ń wó lulẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ilé onígíláàsì sì ń dìde dípò wọn. Pálọ̀ rẹ̀ gbòòrò. Atẹ́gùn ń gba ojú fèrèsé wọlé láti ọ̀tún àti òsì. Ilé ìdáná wọn nìkan tó yàrá tí wọ́n ti kúrò.

"Ibí ni a ó ti gba àna wa lálejò," ni ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, nítorí wọ́n ní ọmọbìnrin kan, Ìbídùn, tí ó ti tó ilé ọkọ.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ṣé a ò ní kọ́kọ́ lọ kí àwọn ará àdúgbò ná?"

"Kí a kí wọn nítorí kí ni? Ẹni tó bá ra ilẹ̀ ló ń kí ọmọ onílẹ̀. Fúláàtì ni mo rà. Bí a bá kí wọn tán, wọ́n á máa gòkè wá."

Kíyè sí i, kì í ṣe ènìyàn búburú. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìsinmi ló ń wá. Láàárọ̀, á wọ mọ́tò rẹ̀, á gbé gíláàsì rẹ̀ sókè, á jáde. Nírọ̀lẹ́, géètì á ṣí, á wọlé, géètì á tì.

Ó ti lé ní ọdún kan tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí Ìbídùn tó mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sílé. Ọmọkùnrin náà wù wọ́n. Ṣùgbọ́n o mọ àṣà wa: kí ìdílé kan tó wá tọrọ ọmọ, wọn á kọ́kọ́ ṣe ìwádìí. Wọn kì í bi bàbá ọmọ. Bàbá wo ni yóò sọ pé ilé òun kò dára? Aládùúgbò ni wọ́n máa ń bi. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ, obìnrin àgbàlagbà kan tí kì í kánjú, rọra wá sí àdúgbò náà. Ó bi aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ó bi bàbá arúgbó tó ni ilé àtijọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn, níbi tí àwọn ọkùnrin ti máa ń ta ayò nírọ̀lẹ́.

O lè bi mí pé, kí ló dé tí kò lọ sí ilé tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀? Ó lọ. Wọ́n ti wó o. Àwọn tó bá wọn gbé ti fọ́n ká.

Nígbà tí obìnrin náà padà jíṣẹ́, bàbá ọkọ ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù ná. Ìbídùn wọlé tòun ti omi lójú.

"Ta ni wọ́n lọ bi?" ni bàbá rẹ̀ béèrè.

"Àwọn ará ìsàlẹ̀ yìí."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Wọn ò rí àbùkù wa nìyẹn."

"Dádì, wọn ò sọ nǹkan kan rárá. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ wá."

Ọkùnrin náà wo pálọ̀ rẹ̀. Bó ti wù kí àna tó bá dé pọ̀ tó, yóò gbà wọ́n. Kò sì sí ẹyọ ẹnì kan ní gbogbo àdúgbò náà tó lè sọ irú ènìyàn tí òun jẹ́.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Wọ́n bá bàbá arúgbó náà nídìí ọpọ́n ayò.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo gbọ́ pé wọ́n wá béèrè wa lọ́wọ́ yín."

"Wọ́n wá. Mo ní mọ́tò yín dára."

Àwọn tó ń ta ayò bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò wá lè sọ̀rọ̀ wa ní rere díẹ̀, bàbá?"

"Èmi? Kí n jẹ́rìí ohun tí n kò rí, lọ́jọ́ ogbó mi? Orúkọ yín gan-an, ẹ̀yin ará òkè, kí ni?"

Ojú ti ọkùnrin náà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì dárúkọ ara rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni gbọ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

"Ó dáa. Ẹ dìde. Ṣé ẹ mọ ayò í ta?"

"Díẹ̀, bàbá."

"Gbogbo òpè ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó."

Wọ́n pa á láyò. Ẹ̀rín ni wọ́n fi sìn ín dé géètì.

N kò ní tàn ọ́: nítorí ọmọ rẹ̀ ló ṣe kọ́kọ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í jókòó ti ènìyàn lásán. Bí wọ́n bá pa á láyò, á bínú, á dìde láìdágbére. Lọ́jọ́ kejì, á ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọpọ́n jáde. Ìyàwó rẹ̀ di ọ̀rẹ́ aránṣọ. Ó ń yá abẹ́rẹ́, ó sì ń gbàgbé láti dá a padà. Nígbà tí ìjì ṣí páánù ilé bàbá arúgbó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin náà ló sáré sọ̀kalẹ̀ nínú òjò.

"Ẹ gbé ẹní yín, ó di òkè!"

Bàbá, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ ọmọ wọn wà nínú pálọ̀ tí a fi pamọ́ de àna títí wọ́n fi kan páánù mìíràn. Ewúrẹ́ wọn fẹ́ bá wọn gòkè. Òun nìkan ni wọ́n dá padà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò fẹ́ ẹlòmíràn, nítorí náà wọ́n tún rán ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá. Ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ tún aṣọ rán. Bí ó ti béèrè ọ̀rọ̀ àwọn ará àjà kẹta, aránṣọ bú sẹ́rìn-ín, ó sì pariwo.

"Bàbá Ìbídùn kẹ̀? Ẹ má bá a ta ayò o! Bí ẹ bá pa á, kò ní dá yín lóhùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Abẹ́rẹ́ mi mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí! Ọmọ wọn ní tiẹ̀, bí ó bá ń bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ojúlé kẹta ń gbọ́." Ó fi eyín gé òwú. "Ṣùgbọ́n bí ilé yín bá ń jò, màmá, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ sá lọ."

Obìnrin náà padà lọ ròyìn gbogbo rẹ̀, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Bàbá ọkọ rẹ́rìn-ín.

"Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ò rí àléébù kankan sọ, ẹ̀rù sì bà mí. Báyìí, a mọ ẹni tó ń bínú, a mọ ẹni tó ń gbàgbé, ẹni tó sì ń sọ ọ́ ń rẹ́rìn-ín. Ilé ènìyàn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a mú ọjọ́."

Lọ́jọ́ tí àwọn àna dé, pálọ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá arúgbó jókòó láàárín àwọn bàbá ìyàwó, ó sì sọ fún àwọn àlejò pé, "Ọmọ wa ni ẹ wá tọrọ." Kò sí ẹni tó já a nírọ́.

Ìwọ tí o ra ilé, mo bá ọ yọ̀. Ilé tó gbòòrò dára. Ẹni tó bá ní kò dára, kò tíì bá ọmọ mẹ́rin sun yàrá kan rí. Sinmi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fún ọ, pé ìwọ lo ni ilé ló sọ. Kò sọ pé o ti di ará ibẹ̀. Ìyẹn wà lẹ́nu àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ kí o tó dé. O lè máa rò pé bí wọn kò bá mọ̀ ọ́, wọn kò ní rí àléébù rẹ. Òótọ́ ni. Wọn kò sì ní rí inú rere rẹ, nítorí ẹnu ọ̀nà kan náà ni méjèèjì ń gbà jáde.

Lọ kí wọn lọ́la. Má dúró dìgbà tí ìwọ yóò nílò ẹnu wọn.