Adìẹ Ti Rìn, Èjìká Àlàdé Ò Gbọ́

"Adìẹ ti rìn, èjìká Àlàdé ò gbọ́." Òwe yìí ò ṣàjèjì lẹ́nu àgbà, ṣùgbọ́n ta ló mọ Àlàdé? Adìẹ wo sì ni?

Àlàdé já bọ́ lórí ọ̀pẹ, eegun èjìká rẹ̀ sì ṣẹ́. Bàbá Lálékan, tó ń to eegun, dì í, ó sì ṣe bí àwọn baba rẹ̀ ti ń ṣe: ó ṣẹ́ adìẹ lẹ́sẹ̀, ó di ìyẹn náà. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn, a jẹ́ pé eegun aláìsàn ti so nìyẹn.

Adìẹ rìn. Wọ́n tú Àlàdé, eegun sì ti so lóòótọ́, àmọ́ ìrora ò lọ. Láti ọrùn dé ọmọ ìka, apá ń ta á bí ẹni tí wọ́n fi ata pa lára, kò sì lè gbé ọkọ́. Ojú ń ti Ọ̀jẹ̀níyì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Inú ẹgbẹ́ àáró kan náà ni wọ́n wà, gbogbo wọn ló ń bá ara wọn ro oko, àbúrò rẹ̀ nìkan ni kò lè san ti ẹnikẹ́ni padà. Ẹgbẹ́ ti ń sọ pé kó máa lọ. Bí wọ́n bá lé e, oko iṣu rẹ̀ di igbó nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń sun iṣu jẹ lóko Bàbá Lálékan, Ọ̀jẹ̀níyì sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí Àlàdé lójú gbogbo ẹgbẹ́.

"Adìẹ tí ò lè sọ̀rọ̀ ń rìn kiri, ìwọ tó o láya nílé ń ké. O ò tiẹ̀ tijú adìẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù bá a rín in. Àlàdé dorí kodò. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yinná kan ta, ó bà lé e léjìká. Awọ ń jó, gbogbo wọn ń gbóòórùn rẹ̀, Àlàdé ò mira. Kò mọ̀ rárá. Ọ̀jẹ̀níyì ló sáré gbọ̀n ọ́n dànù.

Bàbá Lálékan yẹ ojú ibẹ̀ wò, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Iṣan ló fà nígbà tó já bọ́. Ibì kan kú, ibì kan ń ta. Èmi eegun ni mo tò. Adìẹ ò já bọ́ lórí ọ̀pẹ, ẹsẹ̀ lásán ni mo ṣẹ́ fún un."

Ọ̀jẹ̀níyì ń wá ibi tí ilẹ̀ yóò ti lanu gbé e mì. Ó dọ̀bálẹ̀ bẹ àbúrò rẹ̀.

Àlàdé ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde. Mo ti gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín."

Láti ọjọ́ náà, Ọ̀jẹ̀níyì ló ń san àáró àwọn méjèèjì. Apá náà ò padà sí bó ṣe wà mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ń bú obìnrin kan lágbo ilé wọn pé ó ṣì ń sunkún ọmọ rẹ̀ tó kú, nígbà tí orogún rẹ̀ tó pàdánù tirẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀jẹ̀níyì ló dá wọn lẹ́kun. Ó ní, "Adìẹ ti rìn, èjìká Àlàdé ò gbọ́," kò sì lè gbójú sókè. Ìdí nìyẹn tí àgbà fi ń pa á fún ẹni tó bá ń fi ìwòsàn ẹlòmíràn díwọ̀n ìrora ọmọnìkejì rẹ̀.