Ọ́ìlì Tí Lámídì Rọ Gbẹ̀yìn
Múnírátù, opó Lámídì mẹkáníìkì, kò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ tí Olóyè Kúkọ̀yí fi wọ́ mọ́tò rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù: "Ọ́ìlì kíki tí ọkọ rẹ rọ ló ba ẹ́ńjìnnì mi jẹ́. Ra òmíràn lónìí, tàbí kí o fi ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀ fún mi." Múnírátù kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹlòmíràn ò pààrọ̀ ọ́ìlì náà?" Olóyè ní ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Múnírátù gbé páànù ti ògiri lójú gbogbo àdúgbò, ó da ọ́ìlì ogójì, ọ́ìlì kíki tí Lámídì máa ń lò, sí apá kan, ọ́ìlì náà ń wọ́ bọ̀ nísàlẹ̀ bí oyin. Ó da ti inú mọ́tò sí apá kejì, ìyẹn ṣàn bí omi. Gbogbo ènìyàn rí i pé ẹlòmíràn ti pààrọ̀ ọ́ìlì tí Lámídì rọ. Olóyè wọ́ mọ́tò rẹ̀ lọ. Múnírátù fi ẹ̀wù iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ nu páànù náà. Orúkọ Lámídì ti mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ni orúkọ kò sí nílé láti gbọ́.