Ìdí Tí Iná Ìkìlọ̀ Ọkọ̀ Fi Ń Lajú Láìsọ̀rọ̀

Nígbà láéláé, ọkọ̀ máa ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ má bi mí pé ọdún wo ni. Ó ti pẹ́ débi pé àwọn mẹkáníìkì ṣì máa ń dé lásìkò tí wọ́n dá.

Láyé ìgbà yẹn, Iná ni agbẹnusọ gbogbo ará ilé tó wà nínú ọkọ̀. Iwájú awakọ̀ gan-an ló ń gbé, ohùn rẹ̀ sì dùn létí. Òun fúnra rẹ̀ kì í rí ohun tó ń lọ nínú ara ọkọ̀ láti ibi tó wà. Ohun tí àwọn yòókù bá rán an ló ń sọ. Bí omi bá gbẹ, á ní, "Bàbá, òùngbẹ ń gbẹ wá o." Wọ́n á sì bu omi.

Imú ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Inú salẹ́ńsà ni Imú ń gbé, nínú ooru, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa gbóòórùn èéfín tó ń jáde, kó sọ bó ṣe rí. Iṣẹ́ burúkú ni. Ẹni tó ń gbóòórùn ìdí ẹlòmíràn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó yẹ kí wọ́n máa kí i kú iṣẹ́ ni. Iná fẹ́ràn Imú gidigidi, nítorí pé kì í purọ́.

Bàbá Ládẹ̀rìn ló ni ọkọ̀ náà. Pákó ló ń tà ní ilé ìlagi. Ọkọ̀ náà ti gbó, ṣùgbọ́n Bàbá ń kẹ́ ẹ bí ọmọ, Àbẹ̀kẹ́ ló sì ń pè é. Lọ́jọ́ kan, eruku pákó bo gbogbo ilé ìlagi. Àánú Àbẹ̀kẹ́ ṣe Bàbá. Ó bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ká aṣọ náà, ó sì fi dí ihò tí Ẹ́ńjìnnì fi ń mí pátápátá.

"Àbẹ̀kẹ́ mi," ó ní, "eruku ò ní pa ọ́."

Kó tó délé, ó ti gbàgbé. Nígbà tó wẹ̀ tán, ó wá síńgílẹ́ẹ̀tì náà tì. Ìyá Ládẹ̀rìn, ìyàwó rẹ̀, ló wá ń bá jà pé ó sọ ọ́ nù níbi tó ti ń fọṣọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ẹ́ńjìnnì, tó jẹ́ àgbà ilé, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Epo ń wọlé, afẹ́fẹ́ ò wọlé. Èéfín dúdú ń tú jáde nídìí Àbẹ̀kẹ́, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì ń ṣépè. Imú gbóòórùn rẹ̀, ó ránṣẹ́ sí Iná kíákíá.

"Bàbá," Iná wí, "Imú ní èéfín wa ò dáa o. Ó ní epo pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ ò tó."

Bàbá wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Sàlákọ́, mẹkáníìkì rẹ̀.

"Bàbá, ta ló ń ṣàròyé?" Sàlákọ́ béèrè.

"Imú ni."

"Imú ló bàjẹ́ nìyẹn." Ó tú Imú, ó sọ ọ́ sórí ààtàn, ó sì fi Imú tuntun sí i.

Iná gbọ́ bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe balẹ̀ gbì. Ó dùn ún wọra, ṣùgbọ́n ó pa á mọ́ra. Àfi bí Imú tuntun ṣe wọlé, tó fa èéfín símú, tó sín. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń sè níbí?" Iná tún jẹ́ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an, Sàlákọ́ sì tún tú Imú tuntun. Ọ̀dọ́ ni, kò tíì mọ orúkọ gbogbo ará ilé tí wọ́n fi jù ú sórí ààtàn.

Bàbá wá búra. "Bí Àbẹ̀kẹ́ bá tún ṣàròyé kan sí i, màá tà á fún àwọn tó ń yọ́ irin rọ ìkòkò!"

Jìnnìjìnnì bá gbogbo ilé. Ta ló fẹ́ di ìkòkò ọbẹ̀?

Imú kẹta tí wọ́n mú wá, alòkù ni, ojú rẹ̀ sì ti rí tó.

"Àwọn tó ṣáájú mi dà?" ó bi Iná.

"Wọ́n wà lórí ààtàn."

"Ṣé irọ́ ni wọ́n pa?"

"Òótọ́ ni wọ́n sọ."

"Mo gbọ́. Ta ló fa èéfín yìí gan-an?"

Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó ní, "Aṣọ ló há mi lọ́fun. Bàbá fúnra wọn ló fi síbẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

"Ṣé kí a wo àgbàlagbà lójú, ká ní àwọn ni wọ́n ṣe é?" Ẹ́ńjìnnì dáhùn. "Ṣé a ò lẹ́kọ̀ọ́ ni? Iná, ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ sọ. Rọra fi ọgbọ́n gbé e kalẹ̀."

Iná fi ọgbọ́n gbé e kalẹ̀ lóòótọ́. "Bàbá, ẹ má bínú. Àgbàlagbà kan wà tí gbogbo wa bọ̀wọ̀ fún. Ìfẹ́ ló ní sí wa, ṣùgbọ́n òun ló ń fa wàhálà yìí láìmọ̀."

Bàbá ronú sí i. "Àgbàlagbà wo ló wà nínú ọkọ̀ yìí bí kò ṣe Ẹ́ńjìnnì?"

Sàlákọ́ ní owó Ẹ́ńjìnnì mìíràn ju owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ni Bàbá bá ránṣẹ́ pe àwọn arọkòkò. Wọ́n dé tàwọn ti òòlù. Bàbá jókòó sí ìjókòó awakọ̀, ó tan Ẹ́ńjìnnì kí wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì ń kan ara Àbẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń yan àgbọn lọ́jà. Ìbànújẹ́ dorí Iná kodò. Ọ̀rọ̀ dídùn tó sọ ló fẹ́ pa gbogbo wọn. Ó gbàgbé ẹ̀kọ́, ó pariwo.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá! Ẹ̀yin gan-an lẹ fi..."

"Ta lò ń bá wí?" Bàbá jágbe mọ́ ọn. "Panu mọ́! N ò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ mọ́ láyé mi!"

Iná gbé ọ̀rọ̀ tó kù mì. Ọ̀rọ̀ náà gbóná. Ó ń jó o nínú títí ojú rẹ̀ fi pọ́n bí ìyeyè. Kò sọ nǹkan kan mọ́, ó kàn la ojú sílẹ̀, ó ń wo Bàbá.

"Kí lò ń wò?"

Bàbá sún sápá òsì, ojú náà ń wò ó. Ó sún sápá ọ̀tún, ojú náà ò kúrò lára rẹ̀. Ara Bàbá ò balẹ̀ mọ́. Ó sọ̀kalẹ̀, ó bọ́ síwájú ọkọ̀, ó sì gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè kó lè fi ṣe gàgá láàárín òun àti ojú náà.

Àsìkò yẹn ni Ìyá Ládẹ̀rìn dé láti kó ẹrù rẹ̀ nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ. Ó wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó na ọwọ́, ó sì fa nǹkan dúdú kan yọ.

"Bàbá Ládẹ̀rìn, ṣé kì í ṣe síńgílẹ́ẹ̀tì tí ẹ ní mo sọ nù nìyí?"

Ẹ́ńjìnnì mí kanlẹ̀. Èéfín dáwọ́ dúró. Àwọn arọkòkò kó òòlù wọn. Bàbá wo aṣọ náà pẹ́, ó sì mi orí.

"Àwọn mẹkáníìkì yìí!" ó ní. "Ẹ ò rí ibi tí Sàlákọ́ lọ fi aṣọ mi sí?"

Ẹnikẹ́ni ò lọ sórí ààtàn lọ kó àwọn Imú bọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni iná ìkìlọ̀ ò ti fọhùn mọ́. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ọkọ̀, á kàn la ojú sílẹ̀, á pọ́n bí ìyeyè, kò sì ní dárúkọ ẹnì kan. Àwọn mẹkáníìkì òde òní ní ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ ibi tí Iná ń gbé láti bi í léèrè níkọ̀kọ̀. Ẹni tó mú ẹjọ́ wá ló máa ń sọ fún wọn, kì í sọ ẹni tó jẹ̀bi. Àwọn náà á sì lọ tú Imú.

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ láàárọ̀, ẹ wò ó dáadáa. Bí awakọ̀ bá ti ń yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ́ńjìnnì tó dáhùn, Iná á kọ́kọ́ lajú fìrí, á wo ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀, á sì tún dijú. Ó ń wò ó bóyá ẹni tí èèyàn lè sọ fún pé "ẹ̀yin lẹ fà á" ló wọlé lónìí. Kò tíì rí ọ̀kan.