Ìjàpá àti Ebè Tó Ń Rìn

Ààlọ́ o!

(Ààlọ̀!)

Kí ló gbé oko sẹ́yìn, tí iṣu kan kò hù níbẹ̀ rí? Ẹ kò mọ̀ ọ́n? Èmi náà kò tíì ní í sọ. Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó gun òkè, ó já bọ́ lu Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo.

Ìjàpá wọ ẹgbẹ́ àáró pẹ̀lú Ọ̀yà àti Ìgalà. Ẹ mọ àáró: a ó ṣiṣẹ́ lóko tèmi lónìí, ó di oko tìrẹ lọ́la. Ṣùgbọ́n lóko Ìgalà, abẹ́ igi ni Ìjàpá sùn sí. Ìgalà bá fárígá.

"Ìjàpá, oko Ọ̀yà ló kàn. Bí o kò bá kọ ebè tìrẹ tán níbẹ̀, a kò ní í dé oko rẹ."

Yánníbo gbọ́, ó bú sẹ́kún. Ẹ̀bù iṣu rẹ̀ ti ń hù nílé. Bí kò bá tètè wọlẹ̀, yóò jẹrà, ebi ni yóò sì gbẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Ìjàpá gba ilé Ọ̀yà lọ ní kùtùkùtù.

"Ọ̀rẹ́ mi, oògùn wo lo ń lò tí iṣẹ́ kì í fi í rẹ̀ ọ́?"

"Oògùn kẹ̀? Àràárọ̀ ni mò ń gun òkè yìí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, n kì í dé ìdajì rẹ̀. Ẹ̀wà, iṣu àti ẹ̀fọ́ ni mò ń jẹ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Má fi mí ṣẹ̀sín. Ta ló ń fi ẹ̀fọ́ lágbára?"

Ọ̀yà rẹ́rìn-ín, ó forí lé òkè, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Òkè, mo gùn ọ́ lánàá,
*Kẹ̀ǹgẹ́!*
Mo tún dé lónìí,
*Kẹ̀ǹgẹ́!*
Bí mo bá jí lọ́la,
*Kẹ̀ǹgẹ́!*
Ẹsẹ̀ mi ni oògùn mi,
*Kẹ̀ǹgẹ́!*

Bó ti lọ tán, Ìjàpá yọ́ wọ ilé rẹ̀. Ó tú igbá, ó tú ìkòkò, ó gbọn ẹní. Kò rí àdó, kò rí ìgbàdí. Ẹ̀wà ló rí, àti iṣu sísè, àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Orí rẹ̀ dàrú. "Àbí inú ẹ̀wà ló fi í pamọ́ sí? Àbí òkè gan-an ni oògùn?" Ó ronú títí, kò yé e. Àsàbí tó jókòó níwájú mi yìí, má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ń bọ̀ níwájú.

Ó wá ní: "Ó dáa. Bí díẹ̀díẹ̀ bá ń ṣe tó báyìí, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́?"

Alájẹkì! Ó jẹ gbogbo rẹ̀, ó lá ìkòkò. Ọ̀yà ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti wà lóko pẹ̀lú Ìgalà, kí Ìjàpá tó gbé òkúta ńlá rù, kí agbára lè yára dé, tó dojú kọ òkè. Kò tíì dé ìdajì tí ikùn rẹ̀ fi ń hó, tó sì fẹsẹ̀ kọ. Òkúta fà á sẹ́yìn. Gbìrì! Gbìrì! Gbìrì! Inú oko Ọ̀yà tó wà nísàlẹ̀ òkè ló yí bọ́ sí, yẹ̀pẹ̀ sì bò ó mọ́lẹ̀.

Ìgalà, tó dorí kodò sẹ́nu iṣẹ́, rí ohun róbótó kan.

"Ọ̀yà, ta ló kọ ebè yìí tì?"

"Èmi kọ́ o. Ṣáà bá mi parí rẹ̀."

Ọkọ́ bá ń bọ́ sílẹ̀: kó! kó! kó!

"Ilẹ̀ ibí yìí mà le o!"

"Yéè! Ẹ̀yìn mi o!"

Ìgalà ju ọkọ́ nù. "Ọ̀yà, ebè ń sọ̀rọ̀!"

Ebè dìde, ó ń rìn. Ìjàpá fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tó wà mọ́. Ó yọrí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ebè ni mí ni, àbí Ìjàpá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Síbẹ̀, wọn kò dé oko rẹ̀. Yánníbo ló gbé ọkọ́, tó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba òun sí àáró, wọ́n sì gbà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gun òkè dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ó padà. Ó tún lọ ní ọjọ́ kẹta. Díẹ̀ nínú ẹ̀bù náà ti jẹrà, àmọ́ ìyókù wọlẹ̀, ó sì ta.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn ìjàpá fi rí bí oko tí a kọ ebè sí, tí òun náà sì fi máa ń yọrí wo ọ̀tún, wo òsì, kó tó gbẹ́sẹ̀. Títí dòní, ó ṣì ń wá ibi tí Ọ̀yà fi oògùn pamọ́ sí.

Ibi tí àlọ́ mi yí dé rèé. Bí mo bá parọ́, kí ẹ̀wà alẹ́ òní má jinná fún mi.