Àyè Ìgè

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Òkè-Ìrókò mọ òwe yìí, síbẹ̀ ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi la ògiri tiwọn.

Láti ọjọ́ tí Ìgè tó ń bá wọn ṣọ́ ẹ̀yìn lápá òsì ti kú, ẹnikẹ́ni ò dúró sí àyè rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀wọ̀ fún òkú ni. Nígbà tí ìdíje fi máa dé ìdajì, wọ́n ti jẹ góòlù mọ́kànlélógún, àyè Ìgè ni gbogbo rẹ̀ sì gbà wọlé.

Ni wọ́n bá mú Kóòṣì Akínlàjà wá kó tún ẹ̀yìn wọn ṣe. Ó wo àyè tó ṣófo náà, inú bí i.

"Ṣé òkú ló máa bá yín dí i ni? Bámgbálà, lọ dúró níbẹ̀!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, koríko ibẹ̀ máa ń tẹ̀ bíi pé èèyàn ń rìn lórí ẹ̀."

"Mo ní kó o lọ dúró níbẹ̀!"

Lọ́jọ́ Sátidé, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ò wọlé. Ibi tí bọ́ọ̀lù bá máa gbà, Bámgbálà ti wà níbẹ̀ dè é. Nígbà tí wọ́n fọn fèrè ìparí, ó lọ bá Súbúọlá, gólì wọn.

"O ṣeun o. Ohùn rẹ tí mò ń gbọ́ lẹ́yìn ló gbà mí."

Súbúọlá fọwọ́ kan ọ̀fun, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Ohùn mi ti há láti àná. Mi ò pè ọ́ rárá. Kí lo gbọ́?"

Bámgbálà bojú wẹ̀yìn wo àyè Ìgè.

"'Sún mọ́ mi. Èmi nìkan ò lè dí i.'"