Ìdí Tí Búdà Onídẹ Fi Jókòó, Tó Fọwọ́ Kan Ilẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ère idẹ ṣì ń dúró, tí wọ́n ń rìn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, ìyá arúgbó kan wà ní ìlú kan níbi tí oòrùn ti ń yọ. Súmánà ni orúkọ rẹ̀. Ẹ má bi mí ní ọ̀nà ibẹ̀ o, èmi náà kò débẹ̀ rí.

Iṣẹ́ Súmánà ni kó máa yọ́ idẹ, kó fi ṣe ère. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó mọ Búdà, olùkọ́ tó fi sùúrù kọ́ tọmọdé tàgbà. Búdà ti kú. Àwọn tó mọ ojú rẹ̀ ti tán, ó ku Súmánà nìkan. Ó ń ṣàfẹ́rí olùkọ́ náà tọkàntọkàn.

"Bí èmi náà bá lọ, ta ni yóò rántí ojú yẹn?"

Ó fi ìda oyin mọ Búdà ní ìdúró. Ẹ̀rín ẹnu rẹ̀, etí rẹ̀ gígùn, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ó fi amọ̀ bò ó, ó gbé e sórí iná, kí Ìda lè yọ́ jáde, kí Idẹ lè wọlé rọ́pò rẹ̀.

Idẹ, tó ń hó nínú ìkòkò, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Ìda ṣe yẹ̀yẹ́. "Tètè bọ́ síta jàre! Onílé dé, àlejò ń lọ. Bó o bá ti lọ, ta ló máa rántí ẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìda wọra. Ó lẹ̀ mọ́ inú amọ̀ pinpin. "Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ojú yìí wọ̀. Mi ò jáde mọ́!"

Súmánà bú sẹ́kún. "Idẹ, ìwọ ọmọ yìí, ẹnu ẹ ló máa pa ẹ́! Bí Ìda ò bá jáde, amọ̀ á fọ́, ojú olùkọ́ mi á sì parẹ́. Bẹ̀ ẹ́!"

Ojú ti Idẹ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mi ò ní gbàgbé yín láé. Ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí mi."

"Ẹni tó bá dalẹ̀ ńkọ́?" ni Ìda bi í.

"Á bá ilẹ̀ lọ."

Ni Ìda bá rọra yọ́ jáde, ilẹ̀ sì fà á mu. Idẹ wọlé.

Nígbà tó tutù, Súmánà fọ́ amọ̀. Ère náà dúró gangan, ó ń dán. Ojú olùkọ́ ni pátápátá! Ìyá arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìlú rọ́ wá.

"Idẹ, o mà lẹ́wà o! Níbo lo ti rí irú ojú báyìí?"

Ó wu Idẹ kó ní tòun ni. Ó ku díẹ̀ kó sọ ọ́. Ó bá rántí. Ó jókòó pẹ̀lẹ́, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó fi ọwọ́ ọ̀tún kan ibi tí Ìda wọlẹ̀ sí, ó sì wolẹ̀.

"Ẹni tó kọ́kọ́ gbé ojú yìí wọ̀ wà nísàlẹ̀ níbí," ló wí. Kò sọ̀rọ̀ mọ́, kò sì dìde mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ Búdà onídẹ ti ń jókòó, tí wọ́n ń wolẹ̀, tí wọ́n sì ń fọwọ́ kan ilẹ̀. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní Búdà ń pe ilẹ̀ lẹ́rìí ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ọ̀kan tó ti gbó, tí idẹ ara rẹ̀ ti dúdú, ẹ má rò pé oorun ló ń kùn ún. Àárò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń sọ ọ́.