Òní, Ọmọ Ẹlẹ́kún Ìdí-Amọ̀

"Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were." Ta ni kò mọ òwe yìí? À ń pa á níbi ìsọmọlórúkọ, à ń pa á nínú àdúrà, a sì ń fi í bẹ ọ̀gá níbi iṣẹ́ pé kó jẹ́ kí ìyá ọmọ tètè máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ta ni abiyamọ náà? Kí ló ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ẹkún dé etí rẹ̀? Kí ló sì dé tí ẹnikẹ́ni fi rò pé ó yẹ kó jókòó? Ǹjẹ́ ẹ̀yin tí ẹ ń pa á mọ gbòǹgbò rẹ̀ bí?

Láyé ìsinsìnyí, àríyànjiyàn lórí ọmọ títọ́ kò lópin. Ìyá kan yóò kọ ọ́ sórí fóònù pé ọmọ òun ń ké. Kí omi tó hó lórí iná, ogójì ènìyàn á ti dá a lóhùn. Ẹnìkan ní kó gbé e pọ̀n. Ẹnìkan ní kó má gbé e rárá, pé yóò bà á jẹ́. Ẹni tí kò tíì bímọ rí gan-an kò ṣàìní ìmọ̀ràn tirẹ̀. Ẹ má rò pé fóònù ló bí ìjà yìí o. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí ní ó ti wà láti ìgbà tí gbogbo ilé ń fi ìkòkò amọ̀ se ọbẹ̀, pé inú ìjà náà gan-an sì ni òwe wa ti jáde.

Ní ìletò kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Amọ̀, ìkòkò mímọ ni iṣẹ́ àwọn obìnrin. Ìyàwó kan wà nínú agbo ilé tó tóbi jù níbẹ̀, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ọdún kẹta tó délé ọkọ ló tó bí, ọkùnrin ló sì bí. Ayọ̀ wọlé, ariwo tẹ̀lé e. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti dáyé ló ti ń ké. Ó ń ké kí oòrùn tó yọ, ó ń ké nígbà tí oòrùn bá wọ̀, bí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́ ó ń ké, bí wọ́n bá wẹ̀ ẹ́ tán ó tún ń ké. Yorùbá kì í wá orúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kiri. Òní ni wọ́n ń pè é. Ó gbé orúkọ rẹ̀ wá láti ọ̀run.

Gbogbo obìnrin agbo ilé ló ní oògùn ẹkún. "Ebi ni, fún un lómi ẹ̀kọ." "Inú ló ń run ún, fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ níkùn." Ìyàwó kan tí ọmọ tirẹ̀ kì í ké sọ pé ọmú Àwẹ̀ró ni kò dùn, ó sì sọ ọ́ sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn ilé lè gbọ́. Òmíràn ní gbígbé tó ń gbé e jù ni. Àwẹ̀ró gba ti àkọ́kọ́, ó gba ti èkejì, ó gba ti ẹni tó ní kó má gba ti àkọ́kọ́. Ọmọ ń ké. Ohun tó dùn ún jù ni pé kò sí ẹni tó bi í léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ rò.

Ó sì ní ohun tó rò. Ó mọ̀ pé ẹkún Òní kì í ṣe ẹyọ kan. Tebi máa ń fà gùn, á sinmi díẹ̀, á tún fà. Toorun a máa rá mọ́ ọ lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ ọ̀mùtí. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti "ẹ gbé mi", kò sì ní omijé rárá. Bó bá sọ èyí fún wọn, wọ́n á fi í ṣẹ̀rín pé àkọ́bí ló ń dà á láàmú.

Ìyá Olódán, ìyá ọkọ rẹ̀, ni olórí ebu, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò. Kì í ṣe ìkà. Ọmọ méje ló bí, méje ló sì yè, kò sì sí èyí tó tìtorí ẹkún rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. "Ẹkún kì í pa ọmọ," ló máa ń wí, "ẹkún ló ń la ohùn ọmọ." Ohun tó ń bà á nínú jẹ́ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìkòkò sísun. Lọ́jọ́ náà, wọ́n á to ìkòkò jọ sí gbangba, wọ́n á fi igi àti koríko gbígbẹ bò ó, wọ́n á finá sí i. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ tí yóò máa ju koríko bò kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣí, iná á yọ lójijì, ìkòkò á sì là. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àwẹ̀ró ti fi ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí Òní. Ìkòkò mẹ́rin là lákọ̀ọ́kọ́, méje là lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, Òní kàn fẹ́ kí wọ́n gbé òun ni.

Ìyá Olódán pe ọmọ rẹ̀, ó pe ìyàwó rẹ̀. "Àwẹ̀ró, ẹ̀ẹ̀mejì rèé. Bí o bá tún fi iná sílẹ̀ nítorí ẹkún, Òní ń lọ sábà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. A ó já a lẹ́nu ọmú. Ìwọ náà á sì rójú ṣiṣẹ́."

"Oṣù méje péré ni, Ìyá."

"Mo mọ iye oṣù rẹ̀. Èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ̀."

Adégòkè, ọkọ Àwẹ̀ró, ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ sọnù mọ́ lọ́wọ́. Abà náà tó ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Àwẹ̀ró wọlé, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé orí itan, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ fún un pé bó ti wù kó ké tó, òun á jókòó.

Lọ́jọ́ sísun, ahéré kan wà lẹ́yìn ebu tí wọ́n máa ń tẹ́ àwọn ọmọ ọwọ́ sí. Mẹ́jọ ni wọ́n lákòókò yìí. Ẹ ó bi mí pé ta ló ń ṣọ́ wọn. Ìyá Èjìdé ni, ìyá arúgbó tí etí rẹ̀ ti di pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹni tí kò gbọ́ràn ni wọ́n fi ṣọ́ ọmọ, nítorí òun nìkan ló lè fara da Òní láti òwúrọ̀ dalẹ́. Gbogbo wọn gbà pé ọgbọ́n ni. Òní fúnra rẹ̀ sì ni wọ́n tẹ́ sí ìdí ògiri, níkangun, kó má bàa jí ọmọ ọlọ́mọ.

Ọjọ́ sísun pé. Àmù ńláńlá ni wọ́n tò lọ́jọ́ náà, èyí tí wọ́n fẹ́ẹ́ kó lọ sọ́jà lọ́jọ́ karùn-ún. Oòrùn ti rọ̀, iná ti ràn, àwọn obìnrin yí i ká, kóówá pẹ̀lú koríko lápá. Ìgbà náà ni ẹkún ta láti ahéré.

"Òní ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́," ni ìyàwó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwẹ̀ró wí, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Àwẹ̀ró náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Tebi ni, ó mọ̀ ọ́n. Ó gba ara rẹ̀ nímọ̀ràn pé ebi kò ní í pa á kí iná tó wálẹ̀. Omi ọmú ti ń rin aṣọ àyà rẹ̀. Ó ju koríko mìíràn sórí iná.

Lẹ́yìn náà ni ẹkún yí. Kò ga sí i. Ó kúrú, ó já, ó tún ta sókè, bí ẹni pé nǹkan ń gé e sí wẹ́wẹ́. Láti oṣù méje, Àwẹ̀ró kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Kí òun fúnra rẹ̀ tó dìde, etí rẹ̀ ti dìde.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ o. Èyí kì í ṣe ẹkún rẹ̀."

"Ta ló wá ń ké? Jókòó, Àwẹ̀ró."

"Kì í ṣe tebi, kì í ṣe toorun. N kò mọ èyí rí, Ìyá."

"O mọ ohun tí mo sọ. Bí o bá fi ibẹ̀ sílẹ̀, o mọ̀ ọ́n."

Àwẹ̀ró mọ̀ ọ́n. Ó ń rí ọ̀nà abà lójú ara rẹ̀, ó ń rí ọmú tí yóò kún tí kò ní rẹ́ni mu ún. Bó bá lọ tó sì jẹ́ asán, ọmọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bó bá wá jókòó ńkọ́? Ẹkún náà tún ta lẹ́ẹ̀kan sí i. Koríko bọ́ sílẹ̀, Àwẹ̀ró ti ń sáré.

Iná yọ níbi tó fi sílẹ̀. Àmù kan là, gbàà! Èkejì tẹ̀lé e. Ìyá Olódán kò dúró gbọ́ ẹ̀kẹta. Ó fa igi kan yọ nínú òkìtì igi ìdáná, ó gbá tọ ìyàwó lọ, inú sì bí i tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbàgbé pé orúnkún ń dun òun.

Ìyá Èjìdé jókòó sẹ́nu ọ̀nà ahéré, ó kẹ̀yìn sáwọn ọmọ, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Nígbà tó rí Àwẹ̀ró tó ń sáré bọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "O kú iṣẹ́ o." Àwẹ̀ró fo òun pẹ̀lú àtẹ ẹ̀gúsí rẹ̀ kọjá.

Ìjàlọ ni. Wọ́n ti gba abẹ́ ògiri wọlé, ilẹ̀ dúdú fún wọn bí ìgbà tí aró bá dànù. Wọ́n ti bo ẹsẹ̀ Òní dé orúnkún, wọ́n ti wà létí rẹ̀. Àwọn ọmọ méje yòókù sùn lọ fọnfọn, ìjàlọ kò sì ju ìbú ọwọ́ kan lọ sí ọmọ tó sùn tẹ̀lé Òní. Àwẹ̀ró gbá Òní mú lọ́wọ́ kan, ó gbá ọmọ kejì mú lọ́wọ́ kejì, ó jù wọ́n sí Ìyá Èjìdé lẹ́sẹ̀, ó sì fi igbe ta: "Ìjàlọ! Ìjàlọ o! Ẹ gbà wá!"

Ìyá Olódán yọ, igi wà lókè. Ó rí ilẹ̀ ahéré. Igi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá tí kì í dìde lórí àpótí láìdi ògiri mú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọmọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Kí àwọn obìnrin yòókù tó fi iná sílẹ̀ dé, gbogbo ọmọ ti wà níta. Wọ́n ń já ìjàlọ lára Òní, wọ́n ń já a lára Àwẹ̀ró tí ìjàlọ ti gun orí rẹ̀ dé àárín irun. Wọ́n ka ọmọ, mẹ́jọ ni. Wọ́n tún un kà, mẹ́jọ náà ni. Ẹsẹ̀ Òní wú díẹ̀, ó tán. Ìyàwó tó sọ pé ọmú Àwẹ̀ró kò dùn gbé ọmọ tirẹ̀ mọ́ àyà, ó ń sunkún, kò sì lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Kí ló dé?" ni Ìyá Èjìdé ń bi wọ́n. "Ta ló kú?"

Wọ́n pariwo sí i létí pé kò sẹ́ni tó kú.

"Ta ló wá bímọ?"

Ẹ̀rín bú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́, nítorí ara ti tù wọ́n, kò sì sí ohun mìíràn tí wọ́n lè fi ìtura náà ṣe. Ìyá Olódán nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé Òní lé orí itan, ó ń yọ ìjàlọ tó kù létí rẹ̀.

"Mo gbọ́ ẹkún náà," ló wí. "N kò ní purọ́. Bí o ṣe gbọ́ ọ ni mo gbọ́ ọ, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n a ti sọ ọmọ ní ẹlẹ́kún, a ò fetí sí ẹkún rẹ̀ mọ́. Ìwọ nìkan lo tatí."

"Àwọn àmù ńkọ́, Ìyá?"

"Amọ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀."

"Abà ńkọ́?"

"Abà wo?" Ìyá Olódán yíjú sí àwọn obìnrin tó kù. "Ẹ gbọ́ o, kí ẹ sì wí fún ara yín. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Ẹ má ṣe bá a wí mọ́." Láti ọjọ́ náà, ènìyàn méjì ló ń dúró ti ẹ̀gbẹ́ iná kọ̀ọ̀kan ní Ìdí-Amọ̀, kí ọ̀kan lè lọ bí ọmọ bá ké. Wọ́n sì fi ẹni tó gbọ́ràn ti Ìyá Èjìdé. Nígbà tí Òní tún figbe ta ní alẹ́ ọjọ́ ìjàlọ náà, Ìyá Olódán kọ́kọ́ wojú ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Tebi ni, àbí?"

"Rárá, Ìyá. Ó ní kí ẹ gbé òun ni."

Ìyá Olódán sì gbé e.

Ibẹ̀ ni òwe wa ti ṣẹ̀. Àwọn àgbà ń pa á nígbà tí ènìyàn bá gbọ́ ìpọ́njú ẹni rẹ̀ tí kò lè fọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n ń pa á nínú àdúrà, bí a bá ń bẹ ẹni tó jù wá lọ pé kó má di etí sí wa. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń pa á jù ni ọ̀dọ̀ ìyá tó fi iṣẹ́, oúnjẹ tàbí àlejò sílẹ̀ nítorí ọmọ, tí gbogbo ayé ń sọ pé ó ti ṣe àṣejù. Òwe yìí ni wọ́n fi ń gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ní kó jókòó.